Lẹ́tà Tó Ti Lọ́ọ̀tì Wá

Bàbá mi, ẹni bí ọkàn mi,

Èmi ni mo gbé lẹ́tà yẹn pamọ́. Nígbà tí ẹ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tí ẹ yíjú sí mi, tí ẹ bi mí bóyá lẹ́tà kankan ti Faransé dé, mo ní rárá sà. Irọ́ ni mo pa fún yín. Inú àpò jákẹ́ẹ̀tì mi ló wà ní wákàtí yẹn gan-an, kò jìnnà sí ibi tí ẹ gbé ọwọ́ lé. Ẹ ní ó dáa, pé bóyá á dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn kò bá yín láyé.

Láti ọjọ́ tí a ti sin yín ni mo ti fẹ́ kọ èyí sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo fà á ya lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ mọ̀ pé sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti dá ìwé dúró, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀. Òní Sunday, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo jókòó sí kíṣìnì nílé Gorton lókè òkun níbí, mò ń wo ògiri tí ẹ mọ sẹ́yìnkùlé láti ojú fèrèsé. Mi ò lè sún un síwájú mọ́, nítorí ohun tí Màmá fẹ́ ṣe ní ọ̀sán ọ̀la. Màá dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́ọ̀tì. Bọ́ọ̀sì ńlá tó ń kó àwọn arúgbó òyìnbó lọ sí holiday lẹ ń wà, ẹ sì ti dé Spain, ẹ dé Germany, ẹ kì í ṣe àṣàyàn. Àfi tó bá di oṣù kẹfà, ẹ óò wá bẹ ọ̀gá yín pé kí ó fún yín ní ti Faransé, ibi kan ṣoṣo náà lọ́dọọdún. Ẹ lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ ara fíríìjì: Lot, ọjọ́ mẹ́jọ. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé odò kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì fi orúkọ odò yẹn pe gbogbo agbègbè. Ṣùgbọ́n nínú ilé wa nígbà yẹn, ta ló mọ odò? Ojú Bíbélì ni Màmá fi kà á.

"Lọ́ọ̀tì kẹ̀? Lọ́ọ̀tì tó gbé ní Sódómù? Kí lẹ fẹ́ lọ wò níbẹ̀?"

Ẹ rẹ́rìn-ín. "Odò ni, Àdùkẹ́."

"Odò wo ló ń jẹ́ orúkọ ọkùnrin? Ó dáa. Ẹ bá mi kí Aya Lọ́ọ̀tì o."

Láti ọjọ́ yẹn ni Aya Lọ́ọ̀tì ti di ará ilé wa. Bí iyọ̀ bá pọ̀ nínú ọbẹ̀, Màmá á ní kí a jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, Aya Lọ́ọ̀tì ló kọjá níbẹ̀. Bí ẹ bá pẹ́ dé, Aya Lọ́ọ̀tì ló dá yín dúró. Gbogbo wa la jọ ń rẹ́rìn-ín, títí kan ẹ̀yin náà. Mi ò mọ ọdún tí ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Màmá tí ó wá ku ọ̀rọ̀ náà nìkan. Ṣé ẹ̀yin mọ̀ ọ́n?

Ẹnu yín náà kò ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Bí ẹ bá ti dé, ẹ óò bẹ̀rẹ̀ sí í yin ibẹ̀ bí ẹni tó ń yin ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Ẹ ní ilẹ̀ mẹ́rin ló wà níbi kan ṣoṣo. Ẹ ní tí èèyàn bá wà lókè, òkúta funfun ni, igi wẹ́wẹ́, àgùntàn tí dúdú yí ojú rẹ̀ ká bí ẹni tó wọ awò ojú. Tí ẹ bá wa mọ́tò sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, odò á yọ, á lọ́ bí ejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó, èso àjàrà ní apá ọ̀tún, èso àjàrà ní apá òsì, ilé lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpáta bí ìtẹ́ alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Ẹ ní apá ìlà-oòrùn, òjò àti igbó ni. Apá gúúsù, ilẹ̀ funfun báláú bí ẹfun. Ẹ ní ẹyẹlé níbẹ̀ ní ilé gogoro tó dára ju ilé tiwa lọ. Ẹ tún ní ihò àpáta kan wà tí àwọn ará ìgbà láéláé gbé ọwọ́ lé ògiri rẹ̀, tí wọ́n fẹnu tu ọ̀dà sí i, tí àwòrán ọwọ́ náà sì wà níbẹ̀ di òní. Ẹ ra káàdì àwòrán ọwọ́ yẹn wá sílé, ẹ fi sínú Bíbélì yín. Màmá rí i.

"Ọwọ́ ta nìyí?"

"Ọwọ́ ará àtijọ́ ni."

"Ó jọ ọwọ́ obìnrin lójú mi."

Ẹ kò fèsì. Kí ló dé tí ẹ kò fèsì, Bàbá? Gbólóhùn kan ì bá pa iná yẹn.

Èmi ni mo wá sọ ara mi di ọlọ́pàá. Tí ẹ bá ti sùn, màá ṣí àpótí yín. Mo gbóòórùn ṣẹ́ẹ̀tì yín, bóyá lọ́fíńdà obìnrin wà níbẹ̀. Òógùn ni mo gbọ́, àti ohun kan bí eruku. Mo rí bàtà kan tí ẹ kì í fi wa mọ́tò, tí nǹkan funfun kún ìdí rẹ̀. Èékánná yín kán. Ẹ̀yìn ọwọ́ yín ha yánnayànna. Ọwọ́ dẹ́rẹ́bà lẹ gbé lọ, ọwọ́ lébìrà lẹ gbé bọ̀. Kí ni ọkùnrin tó gbé èrò lọ wo odò ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe? Mi ò bi yín. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ óò dá mi lóhùn.

Ọdún yẹn náà lẹ bẹ̀rẹ̀ ògiri ẹ̀yìnkùlé. Ẹ ń ṣa òkúta níbi tí wọ́n ti ń wó ilé àtijọ́ ní Openshaw, ẹ ń fi ọmọlanke gbé e wálé. Ẹ kò po sìmẹ́ǹtì. Ẹ óò gbé òkúta kan, ẹ óò yí i síhìn-ín, ẹ óò yí i sọ́hùn-ún, ẹ óò ní òkúta ní ojú, ó ní ikùn, ògiri ẹni tó bá gbé ikùn rẹ̀ síta ló máa wó. Òyìnbó ìtòsí wa bojú wolẹ̀ lórí fẹ́ǹsì, ó ní ìjì kékeré kan á gbé e lọ. Ògiri yẹn ṣì wà, òyìnbó yẹn ti kó lọ. Láràárọ̀, kí ẹ tó lọ síbi iṣẹ́, ẹ óò fi àtẹ́lẹwọ́ gbá òkúta òkè pátápátá lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni ń gbá ọmọ lẹ́yìn kó lè sùn. Mo bi yín pé ta ló kọ́ yín. Ẹ ní ọ̀rẹ́ yín kan ni, pé òun ló mú yín lọ́wọ́.

Òun. Ẹ wo bí mo ṣe fi ọ̀rọ̀ yẹn da ara mi láàmú. Ká ní Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi sọ ọ́, ǹ bá ti mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Lójú mi, ńṣe lẹ sá pamọ́ sínú "òun" yẹn, tí ẹ ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí àìsàn dá yín dúró, tí oṣù kẹfà kọjá tí ẹ kò lọ, ni lẹ́tà dé síbi iṣẹ́ yín, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sílé. Èmi ni mo gbà á lẹ́nu ọ̀nà. Faransé ni látòkè délẹ̀, mi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀, àfi ọ̀rọ̀ kan láàárín tó yọjú sí mi bí ojúlùmọ̀ láàárín èrò: Durosinmi.

Bàbá, mo tún un kà. Èyí kì í ṣe orúkọ tí òyìnbó ń jẹ́. Ẹni tó fẹ́ kí ọmọ dúró sin òun ló ń sọ ọmọ ní Dúrósinmí. Ta lẹ sọ bẹ́ẹ̀ ní Faransé?

Ẹ rántí pé sikiọ́rítì ni mò ń ṣe nígbà yẹn, ní rìsẹ́pṣọ̀n ọ́fíìsì kan ní Salford Quays. Obìnrin kan ń gbálẹ̀ níbẹ̀, Béa, ará Congo, tó ń sọ Faransé bí ẹni ń mu omi. Mo fún un ní lẹ́tà náà. Ó fi ọwọ́ kan di ìgbálẹ̀ mú, ó fi ọwọ́ kejì di ìwé mú, ó ń kà á fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀:

"Ọ̀rẹ́ mi, a kò rí ọ lọ́dún yìí. Durosinmi wà dáadáa. Òtútù tó kọjá le, ṣùgbọ́n kò mira. Ó ń dúró dè ọ́. Ọmọ mi obìnrin ní kí n kí ọ."

Ó gbójú sókè, ó bú sẹ́rìn-ín. "Haa, bọ̀dá! Bàbá ẹ ti gbin nǹkan sí ìlú oníìlú!"

"Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Kí ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Ọmọ wà, ọmọbìnrin ń kíni, bàbá àgbà ló kọ̀wé. Ṣé kí n lọ bá ẹ pe pásítọ̀ ni?"

Mo gba lẹ́tà mi, mo fi sínú jákẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ kejì lẹ bi mí lọ́sibítù.

Mo ti máa ń sọ fún ara mi pé nítorí Màmá ni mo ṣe gbé e pamọ́, kó má bàa bà á lọ́kàn jẹ́. Irọ́ ni. Èmi ni Dáwódù. Àkọ́bí ni wọ́n ń pè mí láti kékeré, ìyẹn nìkan ni oyè tí mo ní láyé yìí. Àwọn àbúrò mi kàwé jù mí lọ, ilé wọ́n dára ju tèmi, ṣùgbọ́n tí a bá ń gbàdúrà ìdílé, èmi ni wọ́n ń kọ́kọ́ dárúkọ. Mi ò fẹ́ kí Dúrósinmí kankan ti Faransé dé, kó wá dúró níwájú mi níbi òkú yín. Mo gba lẹ́tà mọ́ ẹni tó ń kú lọ lọ́wọ́ nítorí ipò ìdúró. Ẹ wo ọmọ tí ẹ bí.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, nígbà tí tram, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ti dé apá ọ̀dọ̀ wa, mo sọ fún wọn nílé pé mò ń bá àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì lọ gbàdúrà lórí òkè. Mo wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí Toulouse ní Faransé, mo wọ ọkọ̀ ojú irin dé Cahors, mo tún wọ bọ́ọ̀sì. Mo so táì mọ́rùn, oòrùn oṣù kẹfà ń pa mí. Mo ti ṣe ìdánrawò ohun tí màá sọ fún un: Èmi ni Dáwódù Bàbá. Ìwọ ńkọ́?

Mi ò fẹ́ kí ilẹ̀ yẹn wù mí. Mo fi ojú burúkú wò ó láti ojú fèrèsé. Ṣùgbọ́n àgùntàn yín wọ awò dúdú lóòótọ́, wọ́n ń wò mí bí ìgbìmọ̀ àwọn tíṣà. Odò yín lọ́ lóòótọ́. Nígbà tí bọ́ọ̀sì gun òkè, tí òkúta funfun bẹ̀rẹ̀, tí ògiri tí kò ní sìmẹ́ǹtì ń tẹ̀lé ọ̀nà lọ bí ògiri ẹ̀yìnkùlé wa, omi bọ́ lójú mi, mo sì bínú sí omi náà.

Àdírẹ́sì wà lẹ́yìn àpòòwé. Obìnrin kan ló ṣílẹ̀kùn, irun rẹ̀ ti funfun, ó wọ bàtà rọ́bà. Ó tó Màmá lọ́jọ́ orí. Mo ní lọ́kàn mi, Aya Lọ́ọ̀tì nìyí. Ó wo ojú mi, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó sì sọ orúkọ yín. Bàbá rẹ̀ tó kọ lẹ́tà ti kú. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ju tọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lọ. Mi ò jókòó, mi ò gba omi tó gbé fún mi. Mo ní, "Durosinmi. Níbo ló wà?"

"Durosinmi? Bẹ́ẹ̀ ni! Wá, wá."

Ó mú mi gba ẹ̀yìn ilé, a kọjá láàárín àgùntàn. Mo ń tún táì mi ṣe. Mò ń wò bóyá ẹnì kan tó ní imú yín á yọ. Kò sí ẹnì kankan. Ilé kékeré kan ló dá dúró láàárín pápá, róbótó, òkúta lásán látìsàlẹ̀ dé òrùlé, irú èyí tí olùṣọ́-àgùntàn ń sá wọ̀ tí òjò bá dé. Obìnrin náà na ọwọ́ sí òkúta tó wà lókè ẹnu ọ̀nà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹ ṣe máa ń gbá ti ẹ̀yìnkùlé. Ó tì í, ó tún tì í, láti fi hàn mí pé kò mira. Wọ́n gbẹ́ orúkọ sí i, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wọ́, mo mọ ọwọ́ tó kọ ọ́.

DUROSINMI.

Ó ní, "Bàbá ẹ. Oṣù kẹfà, oṣù kẹfà. Òkúta kan, òkúta kan."

Ẹ má bínú, mi ò gbà á gbọ́. Mo yí ilé náà ká, mò ń wá ojú oórì. Mo lóṣòó wo inú rẹ̀. Mo ní wọ́n ti gbé e sá ni, wọ́n ń fi òkúta bo ènìyàn mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo padà dé Cahors, mo jókòó sí bẹ́ǹṣì kan létí odò, mo pe Àǹtí Ìbarà, àbúrò yín, ní Abẹ́òkúta.

"Ẹ kú ilé mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ni Dúrósinmí?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ta ló pe orúkọ yẹn sí ọ létí?"

"Ara òkúta ni mo ti rí i mà. Ní Faransé."

"Faransé kẹ̀! Ọmọ yìí, ṣé o ti jẹun láti àárọ̀?"

"Bàbá ló gbẹ́ ẹ síbẹ̀ mà."

Ẹkún ni mo gbọ́, Bàbá. Ẹ mọ̀ pé Àǹtí Ìbarà kì í sunkún. Ó ní kí n gbé fóònù mọ́ etí dáadáa, òun ò ní í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ní ọmọ kan ti kọ́kọ́ wá tí kò dúró di ọjọ́ ìkómọ. Nígbà tí ẹ bí èkejì, ẹ gbé e sókè lójú gbogbo èèyàn, ẹ ní ẹni yìí ló máa sin yín. Ó ti ń rìn. Ó ti ń sá tẹ̀lé yín dé ẹnu géètì. Ibà ọjọ́ mẹ́ta ló mú un lọ. Àwọn ọkùnrin ilé gbé e jáde, wọ́n sin ín, wọn ò sì sọ ibẹ̀ fún yín, nítorí pé òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ.

Àǹtí ní, "Ó bẹ̀ wá o. Ó bẹ ọkọ mi, ó dọ̀bálẹ̀ fún un, ọkùnrin tó jù ú lọ ọdún kan péré. A ò sọ. Ó ń bẹ̀ wá títí ó fi lọ sókè òkun. A sì ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe orúkọ yẹn nílé yín mọ́ láéláé. Èmi náà, òní ni mo tún pè é."

Orúkọ tí ẹ sọ mí ní ẹkún nínú, mo ti ń jẹ́ ẹ láti ọjọ́ yìí wá, mi ò bèèrè ẹkún ta ni mo wá rẹ̀.

Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Mo ti lo oògùn yẹn kọjá ìwọ̀n. Odindi ọdún kan ni mo tún fi fura sí Àǹtí Ìbarà, pé bóyá ó ń bo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láṣìírí. Mo fura sí Màmá, pé báwo ló ṣe lè gbé ọmọ bẹ́ẹ̀ sínú àyà kó má fi ẹnu kàn án. Mo fura sí yín jù lọ. Kí ló dé tí ẹ lè sọ fún àgbẹ̀ kan tí kò gbọ́ èdè yín, tí ẹ kò lè sọ fún obìnrin tó bí i? Àbí nítorí pé kò gbọ́ èdè yín náà ni?

Ọdún kẹta rèé tí mo ti mọ̀, mi ò tíì sọ fún Màmá. Tí mo bá sọ ti òkúta, mo gbọ́dọ̀ sọ ti lẹ́tà. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò mọ̀ bóyá ó tọ́ kí èèyàn pe orúkọ yẹn sétí rẹ̀. Mo fi ìyẹn bojú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ó dé. Ibojì yín, ẹni méjì ló gbà, ẹ mọ̀, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ jìn kí Àdùkẹ́ lè wá bá yín. Ọjọ́rú tó kọjá, Màmá pe èmi àti àbúrò mi obìnrin sí fúláàtì rẹ̀ ní Openshaw. Ó ní, "Ẹ má gbé mi lé bàbá yín lórí o. Mo ti jọ̀wọ́ àyè yẹn. Kí Aya Lọ́ọ̀tì wá sùn tì í, ṣebí òun ló ní i." Àbúrò mi ní, "Màmá, ẹ̀fẹ̀ yẹn ti gbó." Màmá ní, "Ta ló ń ṣe ẹ̀fẹ̀?" Ojú rẹ̀ gbẹ bí òkúta òkè Lọ́ọ̀tì. Ọ̀sán ọ̀la ni ọkùnrin itẹ́ òkú ń gbé ìwé wá, kí ó fọwọ́ sí i pé òun kò ní í sùn lọ́dọ̀ yín.

Mo wo ògiri yín láàárọ̀ yìí kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jáde sí i, mo gbá òkúta òkè lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi gbogbo agbára tì í. Kò mira. Èmi ni ó yẹ kí ó mira.

Lọ́la, màá wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ lọ sí Openshaw, kí ọkùnrin oníwèé tó jí. Màá mú lẹ́tà náà dání, àti àwòrán òkúta tí mo yà. Màá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì Màmá, màá sọ pé ọwọ́ mi ló gbé e pamọ́. Ojú oórì ni òfin ní kí òbí má mọ̀. Egungun kankan kò sí lábẹ́ òkúta yẹn, orúkọ ni. Bí ó bá fẹ́ lù mí, kó lù mí. Bí ó bá fẹ́ fọwọ́ síwèé síbẹ̀síbẹ̀, kó fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí ó tó gbé bírò, ó máa gbọ́ Dúrósinmí láti ẹnu mi.

Èmi ọmọ yín kẹta, tó fẹ́ràn yín, tó pẹ́ kó tó mọ ipò rẹ̀.